Ìyá Rọra Láàárín Ẹ̀rọ Etí Oríṣi Méjì

Iṣẹ́ tí obìnrin tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Rọra ń ṣe ni kíkọ́ àgbàlagbà ní ọkọ̀ wíwà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti fi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ nínú ọkọ̀ tó ní bíréèkì méjì, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ń ti ẹnu rẹ̀ jáde láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́: ẹ rọra, ẹ rọra, ẹ rọra. Ọkọ̀ mẹ́rin ló ti lò gbó. Ó ti kọ́ agbẹjọ́rò, ó ti kọ́ alágbàfọ̀, ó ti kọ́ ìyá àti ọmọ nínú ilé kan náà. Ara rẹ̀ yá gágá, ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀, àfi oríkèé ìka ọwọ́ rẹ̀ tó ti ń le, àti etí rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ kò gbà pé ohunkóhun ń ṣe.

Ọdún mẹ́ta gbáko ni kò fi gbà. Lójú tirẹ̀, àwọn èèyàn ìsinsìnyí ni kì í la ẹnu sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ní bí etí ò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́, inú Ìyá Rọra kò sì bàjẹ́ rárá láàárín ọdún mẹ́ta yẹn. Akọ̀wé ilé-iṣẹ́ owó-orí kan ló la ojú rẹ̀, tàbí ká kúkú sọ pé ó la etí rẹ̀.

Akọ̀wé yìí á tó ẹni àádọ́ta ọdún. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó níwà pẹ̀lẹ́, kò sì sẹ́ni tó tíì gbọ́ ariwo rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ kẹta, ẹ̀rù ọkọ̀ ti mú kó mu ife tíì ńlá méjì kó tó kúrò nílé. Wọn ò tíì rìn ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ tó fi sọ wẹ́rẹ́ pé, "Mo fẹ́ tọ̀, mà."

Ohun tí Ìyá Rọra gbọ́ ni, "Mo fẹ́ yà, mà." Inú rẹ̀ dùn dẹ́yìn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sọ ohun tó fẹ́ ṣe kó tó ṣe é ṣọ̀wọ́n.

"Ó dára bẹ́ẹ̀," ló wí. "Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe é, ẹ kọ́kọ́ wo dígí ọ̀tún, ẹ wo tòsì, kí ẹ wá tan iná, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè mọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe."

Akọ̀wé yí ojú padà wò ó. Ó tún un sọ, ó fi kún un pé ọ̀rọ̀ náà ti di kíákíá. Ìyá Rọra ní kí ó má kánjú, pé ibi tí wọ́n wà yẹn há jù, kí ó jẹ́ kí wọ́n dé oríta iwájú tí àyè ti wà dáadáa. Akọ̀wé di sítíárìn mú bí ẹni tó rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi lórí odò. Nígbà tí wọ́n dé oríta, ó bi í pẹ̀lú ohùn tó ń gbọ̀n bóyá ibẹ̀ náà ni.

"Ibẹ̀ gan-an ni," ni Ìyá Rọra wí. "Ẹ má wojú ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà jẹ́ ti gbogbo wa."

Ọkùnrin náà kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó gé ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó sì páàkì rẹ̀ dáadáa, ká má purọ́ mọ́ ọn. Ló bá ṣílẹ̀kùn, ó sì sáré wọ ilé epo tó wà ní òdìkejì. Ìyá Rọra jókòó, ó ń rò ó pé bóyá òun ti le jù mọ́ ọn ni, tó fi fi ọkọ̀ sílẹ̀ lọ. Nígbà tó padà dé, ojú rẹ̀ ti balẹ̀, ó ń fi áńkáṣíìfù nu ọwọ́. Ó pa ẹ̀rọ ọkọ̀, ó tẹ̀ sún mọ́ etí rẹ̀, ó sì ṣàlàyé. Ìgbà kẹta tó ṣàlàyé ni ọ̀rọ̀ tó wọlé. Ìyá Rọra rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn ún, tó fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ fèrè ọkọ̀ láìmọ̀, tí àwọn tó wà ní ilé epo sì yọjú wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Akọ̀wé náà bú sẹ́rìn-ín. Wọn ò lè ṣe ẹ̀kọ́ kankan mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Àfi nígbà tó ku òun nìkan, tó ń wa ọkọ̀ lọ sílé, ni ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó rò ó pé, tó bá jẹ́ pé ohun tí ọkùnrin yẹn ń sọ ni pé bíréèkì ò mú ńkọ́?

Ọkọ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ sọ fún. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ni ọkọ rẹ̀, ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ìwọ̀n wíwọ̀n kò tíì fẹ̀yìn tì lára rẹ̀. Ó mọ iye ìṣísẹ̀ tó wà láti ibùsùn dé ilé ìdáná, ó sì máa ń wọn gígùn àkàrà òyìnbó kó tó gé e, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí jẹ ju ẹnìkejì lọ. Ó gbọ́ ìtàn náà tán, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń sọ fún un pé kó lọ yẹ etí rẹ̀ wò. Ìyá Rọra ní òun ò gbọ́ ọ rí. Ọkọ rẹ̀ ní, "Ohun tí mo ń wí náà nìyẹn."

Ọ̀dọ́ obìnrin kan ni dókítà etí tí wọ́n lọ bá. Ó fi Ìyá Rọra sínú yàrá kékeré kan tí wọ́n fi tìmùtìmù bo ara ògiri rẹ̀, ó fi ohun ìgbọ́hùn bò ó létí, ó sì fún un ní bọ́tìnnì kan pé kó máa tẹ̀ ẹ́ nígbàkígbà tó bá gbọ́ ohùn, bó ti wù kó kéré tó. Ẹni tó ti ń mú èèyàn múra ìdánwò fún ọgbọ̀n ọdún kì í fẹ́ fìdí rẹmi. Ìyá Rọra ń tẹ bọ́tìnnì bí ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́. Nígbà tó jáde, dókítà fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé ó tẹ̀ ẹ́ nígbà mẹ́sàn-án tí òun ò tíì fi ohùn kankan síbẹ̀. Wọ́n tún ìdánwò náà ṣe.

Àbájáde rẹ̀ kò díjú. Orin ọ̀rọ̀ ṣì ń wọ etí Ìyá Rọra dáadáa, ohùn tó ń gòkè àti ohùn tó ń sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ìró tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni kò wọlé mọ́, ìró s, ìró f, ìró t àti irú wọn. Ìdí nìyẹn tí "tọ̀" fi di "yà". Ẹ̀rọ etí á ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n oríṣi méjì ló wà tó lè bá a mu, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì yàn.

Dókítà kó méjèèjì sórí tábìlì. Èkíní ń lo bátìrì kékeré tí kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ. Tó bá ti tó bí ọ̀sẹ̀ kan, bátìrì náà á kú, ẹni tó ni ín á yọ ọ́ dànù, á fi tuntun sí, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Èkejì ni èyí tí wọ́n ń ṣáájì bíi fóònù. Bí èèyàn bá fẹ́ sùn, á gbé e sínú àpótí rẹ̀. Bíi wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, ó ti kún, á sì ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ títí di àkókò ìsùn, àfi bí èèyàn bá ń fi gba ìpè fóònù ṣáá, á tètè tán nígbà yẹn. Bátìrì tó wà nínú ìyẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan tí agbára rẹ̀ bá dín, àfi kí wọ́n dá a padà fún àwọn tó ṣe é. Ó tún wọ́n díẹ̀ ju èkíní lọ.

Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ti yọ ìwé jáde, ó ti fa ilà sáàárín ojú ewé. Ó béèrè lọ́wọ́ dókítà èwo ló dára jù.

"Lójú tèmi, kò sí èyí tó ju ìkejì lọ, Bàbá," ni dókítà wí. "Ọwọ́ Màmá, iṣẹ́ Màmá àti bí ilé yín ṣe rí ló máa sọ. Ẹ mú ọ̀kan lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ wá gba èkejì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ máa ṣe iṣẹ́ yín bí ẹ ṣe ń ṣe é. Lẹ́yìn náà ẹ ó wá sọ fún mi."

Oníbátìrì ni wọ́n kọ́kọ́ mú lọ. Ìyá Rọra kò tíì rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn tó fi dúró. Ó ní nǹkan kan ń tẹ̀ lé òun. Bàtà ara rẹ̀ ni. Ó tún rìn, ó tún dúró, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Bí ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ méjèèjì ṣe ń ha ara wọn bó ti ń rìn, ó ń gbọ́ ọ. Bí ọ̀rá tó wà lọ́wọ́ obìnrin kan ṣe ń pariwo ṣàkàṣàkà, ó ń gbọ́ ọ. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ayé yìí mà ti ń ṣe wàhálà lẹ́yìn òun tipẹ́.

Nígbà tí wọ́n wọ ọkọ̀, tó tan iná láti yà sójú títì, ó gbọ́ ohun kan tó ń ro tíkò, tíkò, tíkò. Ó bi ọkọ rẹ̀ léèrè ìgbà wo ni wọ́n gbé aago sínú ọkọ̀ wọn. Ọkọ rẹ̀ ní kò sí aago níbẹ̀. Ló bá pa iná náà, ìró dúró. Ó tàn án, ìró bẹ̀rẹ̀. Iná tí òun fúnra rẹ̀ ń pariwo pé kí àwọn èèyàn máa tàn láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, ó sì ti gbàgbé pé ó ń dún. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n fi dúró níbẹ̀ tó ń tan iná ọ̀tún, tó ń tan tòsì, tí inú rẹ̀ ń dùn bíi ti ọmọ tó rí ojò àkọ́kọ́. Àwọn ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn kò mọ ibi tó ń lọ. Ọkọ rẹ̀ tẹ́tí títí, ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan. Ìyá Rọra rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ìgbádùn yẹn kò ní àléébù títí di ọjọ́ tí bátìrì àkọ́kọ́ kú. Ìka ọwọ́ rẹ̀ tó le kò lè di ohun kékeré bẹ́ẹ̀ mú. Bátìrì tuntun bọ́, ó ta sókè, ó sì pòórá. Òun àti ọkọ rẹ̀ kúnlẹ̀, wọ́n ń rákò kiri yàrá. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í lè fò ju mítà kan àbọ̀ lọ, ó sì fi ẹfun sàmì yí ibi tó yẹ kí wọ́n wá dé. Orí wọn kọlu ara wọn lábẹ́ ibùsùn, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Inú bàtà kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni bátìrì náà ti jáde nígbẹ̀yìn. Mítà mẹ́ta ni.

Èyí tó wà ní etí kejì yan ojú títì láti kú. Akọ̀wé owó-orí ló ń wa ọkọ̀, ojú ọ̀nà sì dá, nígbà tí ẹ̀rọ ké pí-pí-pí létí Ìyá Rọra láti sọ pé bátìrì ń tán. Ó rò pé fèrè ọkọ̀ ńlá ni. Ó tẹ bíréèkì tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ dúró gbọn-in, fìlà akọ̀wé sì ṣubú bò ó lójú. Láti abẹ́ fìlà náà ló ti fi sùúrù béèrè ohun tí òun ṣe tí kò dára. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, òun ló fi èékánná rẹ̀ ṣí ilé bátìrì, tó bó bébà ẹ̀yìn tuntun, tó sì tì í wọlé. Kí wọ́n tó ka ọgọ́ta, etí ti padà. Ìyá Rọra rí i pé ìyẹn dára: ìṣẹ́jú kan péré, kò sì sí ìdádúró. Ó ní kí ọkọ òun kọ ọ́ sínú ìwé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé ni kò jẹ́ kí oníbátìrì náà tẹ́ ẹ lọ́rùn mọ́. Ọmọbìnrin wọn gbé ọmọ rẹ̀ wá kí wọn, ọmọ ọdún kan àbọ̀ tó jẹ́ pé ohunkóhun tó bá rí, ẹnu ló ń gbé e lọ. Dókítà ti kìlọ̀ fún wọn pé ọmọ tó bá gbé irú bátìrì yẹn mì, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni. Ìyá Rọra gbà pé òun ti da èyí tó kú nù. Kò mọ̀ pé ó bọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ọmọ náà ti gbé e, ó ti la ẹnu, kí Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tó fò dìde lórí àga, tó gba ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọmọ náà rò pé eré ni, ó ń rẹ́rìn-ín kẹ́kẹ́. Àyà ìyá àgbà rẹ̀ já, kò sì padà sípò títí ọjọ́ fi rọ̀.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, wọ́n gba èyí tí wọ́n ń ṣáájì. Ìyẹn rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti ọjọ́ kìíní. Kò sí ilẹ̀kùn tíńtín tí wọ́n ń ṣí, kò sí bébà tí wọ́n ń bó. Á kàn gbé e sínú àpótí rẹ̀ bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sùn, iná kékeré aláwọ̀ ewé á tàn, ó parí. Ọkọ rẹ̀ ń fi aago ṣọ́ ọ láti ìgbà tó bá fi í sétí títí di ìgbà tó bá yọ ọ́: wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wákàtí mẹ́rìndínlógún, kò sì kú rí.

Àfi ọjọ́ kan. Kò jókòó dáadáa nínú àpótí, iná kò tàn, Ìyá Rọra kò sì wò ó. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tí akọ̀wé owó-orí fẹ́ ṣe ìdánwò ojú títì rẹ̀ nìyẹn. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀, nínú ọgbà ìdánwò, wọ́n wà nínú ọkọ̀, wọ́n ń dúró kí wọ́n pè wọ́n, bí etí méjèèjì ṣe dákẹ́ lọ gbári nìyẹn. Ó gbé ọwọ́ sáyà. Lójijì ló rántí pé àpótí rẹ̀ wà nínú báàgì, àti pé ihò tí òun fi ń ṣáájì fóònù wà níwájú òun. Ó kó ẹ̀rọ méjèèjì sínú àpótí, ó sì ki okùn bọ̀ ọ́. Iná aláwọ̀ ewé tàn. Ó rẹ́rìn-ín kẹ́kẹ́ bí ẹni tó rí owó he. Ọkọ̀ tó ti ń jókòó sí fún ọjọ́ ayé rẹ̀ ló wá di ilé-iṣẹ́ mànàmáná.

Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí èèyàn fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, kó lè gba agbára wákàtí díẹ̀, láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn kò sì gbọ́ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ mọ̀, kí ọkàn rẹ̀ má bàa dàrú. Akọ̀wé ọ̀hún ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀. Ó jẹ́wọ́ pé ìgbà mẹ́rin ni òun ti ṣe ìdánwò yìí níbòmíràn tí òun ò yege, pé ìyàwó òun kò mọ̀ pé òun wà níbẹ̀, pé òun rò pé òun ò tiẹ̀ ní ẹ̀bùn ọkọ̀ wíwà. Bó bá ti dẹ́nu dúró, Ìyá Rọra á mi orí, á ní, "Ẹ rọra." Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ parí, akọ̀wé sọ fún un pé kò sí ẹni tó tíì gba òun nímọ̀ràn tó jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé òun. Ìyá Rọra gbà á bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n pè wọ́n, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti pé, etí ti padà. Nígbà tí olùdánwò wá jáde nínú ọkọ̀, tó sì sọ pé ọkùnrin náà yege, Ìyá Rọra gbọ́ ọ ketekete, ó sì gbá akọ̀wé mọ́ra títí fìlà tún fi bọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pé, wọ́n padà sọ́dọ̀ dókítà. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ka ìwé rẹ̀ sókè, ojú ewé mẹ́fà, pẹ̀lú wákàtí, mítà àti ìwọ̀n. Dókítà fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí Ìyá Rọra, ó bi í léèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ rò.

"Ọwọ́ mi ò gba ohun tíńtín mọ́," ló wí. "Ọmọ ọmọ mi ń gbé gbogbo ohun tó bá rí sẹ́nu. Iṣẹ́ mi kì í pẹ́ ju ohun tí ẹ̀rọ yìí lè gbé lọ, inú ọkọ̀ tó lè ṣáájì rẹ̀ ni mo sì wà látàárọ̀. Tó bá rẹ bátìrì inú rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, á ti rẹ èmi náà. A ó jọ lọ fún àtúnṣe. Èyí tí wọ́n ń ṣáájì ni tèmi."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó yí ẹ̀yìn padà láti mú ìwé kan nínú dúrọ́ọ̀, ó sì béèrè láti ibẹ̀ pé, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà ò ní ṣe àyẹ̀wò?"

"Rárá o," ni Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ dáhùn, "a ti jẹun kúrò nílé."

Ìyá Rọra wo ọkọ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ìró iná ọkọ̀ tó ní òun ò gbọ́ wá yé e. Ó gbìyànjú láti mú ẹ̀rín mọ́ra, kò ṣeé ṣe, ó sì gbé báàgì bo ojú. Wọ́n mú bàbá wọ inú yàrá oní-tìmùtìmù. Òun kò tẹ bọ́tìnnì lásán ní tirẹ̀. Ó kàn jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, ó ń dúró kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìdánwò náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Etí rẹ̀ kò sàn ju ti ìyàwó rẹ̀ lọ. Ó jẹ́wọ́ pé láti ọdún mẹ́ta ni òun ti rò pé ìyàwó òun ló ń sọ̀rọ̀ sínú.

Ìyá Rọra rò pé irú tòun ni yóò mú, kí wọ́n lè jọ máa gbé e sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọkùnrin náà kọ̀. Òun àti àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń lọ pẹja létí adágún kan lóṣooṣù, ọjọ́ márùn-ún gbáko nínú àgọ́, níbi tí kò sí iná mànàmáná. Ìka tó ti ń yí súkúrù bíńtín-bíńtín ara ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ fún ogójì ọdún kò sì bẹ̀rù bátìrì. Oníbátìrì ló mú, ó sì ṣèlérí pé inú àpótí irin tó ní kọ́kọ́rọ́ ni gbogbo bátìrì rẹ̀ á máa wà, àwọn tó kú àti àwọn tó wà láàyè. Dókítà ní òun ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ọ̀sẹ̀ kìíní tí àwọn méjèèjì fi gbọ́ràn pọ̀ nínú ilé kan dà bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ra. Wọ́n ń pe ara wọn wá gbọ́ nǹkan. Fíríìjì ń kùn. Àtẹ̀gùn kẹrin ń ké. Omi tó ń hó ní orin tirẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n jà díẹ̀ lórí ibi tó yẹ kí wọ́n gbé àga sí, ṣùgbọ́n nítorí pé kò sẹ́ni tó nílò láti gbóhùn sókè, ìjà náà kò rí ẹsẹ̀ dúró, wọ́n sì gbé àga síbi tí ó wà tẹ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kan dé. Alásè tó ti fẹ̀yìn tì ni, ẹni àádọ́rin ọdún, kékeré bí ẹyẹ, tó fẹ́ máa wa ara rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ tó ń gbé létí òkun. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì sọ, pẹ̀lú ohùn tí kò ju ti ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ, pé òun ò tíì fọwọ́ kan sítíárìn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, àti pé kí wọ́n má bínú sí òun.

Ìyá Rọra gbọ́ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó ń bínú, ó sì fi bí wọ́n ṣe ń de bẹ́líìtì hàn án.